Mi Ò Ní Ta Ọkọ̀ Ìje Mi

Ẹ̀yin ará mi nínú Olúwa, ọpẹ́ ni mo fẹ́ kọ́kọ́ dá. Mo dúpẹ́ lọ́wọ́ Ọlọ́run tó jẹ́ kí n fi ẹsẹ̀ ara mi méjèèjì rìn dé iwájú yìí lónìí, tí kì í ṣe pé wọ́n gbé mi wọlé. Ẹ bá mi kígbe Halelúyà. Èyí ò dún tó o. Mo mọ ìdí tí kò fi dún: ẹ fẹ́ gbọ́ ohun tí mo máa sọ ná, kí ẹ tó mọ̀ bóyá kí ẹ bá mi yọ̀. Kò burú. Ẹ gbọ́.

Gbogbo yín lẹ mọ̀ mí. Èmi ni Sẹ̀nàmì, ìyá Mautin, tó ń tún ẹ́ńjìnnì ọkọ̀ ojú omi ṣe létí ọ̀sà. Bí ẹ bá ti wọkọ̀ lọ sí Gberefu rí, tí ẹ́ńjìnnì kò kú mọ́ yín lọ́wọ́ láàárín omi, ó ṣeé ṣe kó jẹ́ pé èmi ni mo tún un ṣe. Ọdún kejìlá rèé tí mo ti ń kọrin nínú ẹgbẹ́ akọrin ìjọ yìí, àfi oṣù méjì tó kọjá tí wọ́n ní kí n lọ jókòó sẹ́yìn ná. Wọ́n ní bí mo bá fẹ́ padà, kí n wá síwájú, kí n jẹ́rìí bí Ọlọ́run ṣe yọ mí lọ́wọ́ ọkọ̀ ìje, kí n sì sọ ọjọ́ tí màá tà á. Mo ti wá síwájú báyìí. Ẹ̀rí wà lẹ́nu mi lóòótọ́, ṣùgbọ́n kì í ṣe èyí tí ẹ ń retí.

Ọkọ̀ náà kò ju ọkọ̀ kékeré kan lọ, pupa, onílẹ̀kùn méjì, àwọn tí wọ́n ṣe é ṣe é fún fàájì. Ó kéré débi pé bí Bàbá Mautin bá wọ inú rẹ̀, orúnkún wọn á fẹ́rẹ̀ẹ́ kan àgbọ̀n. Oníbàárà mi kan ló rà á ní Kútọnù, ó gba ẹnubodè Sẹmẹ wọlé, ẹ́ńjìnnì sì daṣẹ́ sílẹ̀ kó tó dé ìlú Apá. Ó ní kí n bá òun gbé e sí ẹ̀yìn ṣọ́ọ̀bù mi. Ọdún kan gbáko ló wà níbẹ̀ tí afẹ́fẹ́ òkun ń jẹ ẹ́, ojoojúmọ́ ni mo sì ń wò ó. Nígbà tó ní òun fẹ́ tà á fún àwọn tó ń ra àlòkù irin, mo ní kó tà á fún mi. Owó àjọ tí mo kó lọ́dún yẹn ló bá a lọ.

Ọ̀sẹ̀ mẹ́ta ni mo fi tún ẹ́ńjìnnì yẹn ṣe. Àárọ̀ ọjọ́ kan ni mo kọ́kọ́ wà á jáde lọ sápá Imeke, ọ̀nà dá, oòrùn ṣẹ̀ṣẹ̀ ń yọ. Mi ò ní purọ́ níwájú pẹpẹ: ó dùn mọ́ mi dé egungun. Bàbá mi apẹja ni. Wọ́n kọ́ mi ní ẹ́ńjìnnì dáadáa, ṣùgbọ́n wọn ò jẹ́ kí n wa ọkọ̀ wọn lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo títí wọ́n fi kú, torí pé mo jẹ́ obìnrin. Láti kékeré ni mo ti ń tún ohun tó ń sáré ṣe, tí àwọn ẹlòmíràn á gbà á, tí wọ́n á jókòó sí i, tí wọ́n á sáré lọ. Ọjọ́ yẹn ni ohun tí mo fọwọ́ ara mi tò gbé èmi náà. Mo rẹ́rìn-ín, mo sì sunkún. Ẹ̀yin tí ẹ ní ẹ̀mí kan ló wọ̀ mí, ayọ̀ ló wọ̀ mí, ẹ lọ kọ ọ́ sílẹ̀.

Ìgbà tí mo gbọ́ pé àwọn ẹgbẹ́ kan wà l'Ékòó tó máa ń fi irú ọkọ̀ bẹ́ẹ̀ díje, mi ò lè sùn mọ́. Àmọ́ ọkọ̀ ìje kì í ṣe ohun tí èèyàn ń ṣe lọ́fẹ̀ẹ́, mi ò ní tàn yín jẹ. Ọkọ̀ tó bá máa sáré gbọ́dọ̀ fúyẹ́, ó sì gbọ́dọ̀ lágbára. Mo yọ rédíò, mo yọ ẹ̀rọ tó ń fẹ́ atẹ́gùn tútù, mo yọ kápẹ́ẹ̀tì, mo yọ àga kejì. Bí nǹkan ṣe ń jáde nínú ọkọ̀ ni nǹkan ń jáde nínú ilé. Fírísà tí mo fi ń ta omi tútù lọ, ó di sípíríǹgì àti búréèkì. Góòlù etí tí ìyá mi fún mi lọ, ó di bẹ́líìtì tó ń de èèyàn mọ́ àga léjìká méjèèjì. Mo ní ẹ́ńjìnnì ojú omi kan tí mo fi pamọ́ de ọjọ́ ogbó mi. Òun ni mo tà tí wẹ́dà kan ní Imeke fi bá mi jó páìpù irin yí inú ọkọ̀ ká, kí òrùlé má bàa tẹ̀ mọ́ mi lórí bí ọkọ̀ bá dojú dé.

Àwọn kan nínú yín sọ pé orí mi ti dàrú. Ẹ sọ ọ́ títí ó fi dé etí àwọn ọmọ mi. Bàbá Mautin, tí wọ́n jókòó níbẹ̀ yẹn, olùkọ́ ni wọ́n, ẹ sì mọ̀ pé wọn kì í sọ̀rọ̀ púpọ̀. Wọ́n yí ọkọ̀ náà po lẹ́ẹ̀mejì lọ́jọ́ kan, wọ́n ní, "Ìyá Mautin, mi ò mọ ohun tó o rí nínú nǹkan yìí. Ṣùgbọ́n nọ́ọ̀tì tí ìwọ bá dì, mo mọ̀ pé ó ti dì nìyẹn." Ọ̀rọ̀ yẹn tó mi. Bí ẹ bá sì ń bi mí pé àdúrà dà, nọ́ọ̀tì kọ̀ọ̀kan tí mo dì nínú ọkọ̀ yẹn, orúkọ Jésù ni mo pè sí i.

Alàgbà Pósù, bàbá wa, olórí àwọn alàgbà, ló kọ́kọ́ ní ọkọ̀ tí kò ní àga ẹ̀yìn kì í ṣe ọkọ̀ abiyamọ. Nígbà tí wọ́n rí i pé mi ò gbọ́, wọ́n ní ó dáa, bí mo bá máa lọ, mi ò ní lọ láìgba òróró. Ìfẹ́ ni, mo sì mọ̀ bẹ́ẹ̀. Ní àárọ̀ ọjọ́ ìdíje, orí ọkọ̀ akẹ́rù ni ọkọ̀ mi wà níwájú ṣọ́ọ̀ṣì yìí, torí lẹ́yìn gbogbo ohun tí mo yọ nínú rẹ̀, òfin ò gbà á láyè lójú pópó mọ́. Alàgbà gun òkè lọ. Wọ́n ní ẹsẹ̀ ni ọkọ̀ fi ń sáré, ẹsẹ̀ ló yẹ kí ìbùkún dé. Wọ́n da odindi ìgò òróró ólífì sí ẹsẹ̀ mẹ́rẹ̀ẹ̀rin. Ẹsẹ̀ ọkọ̀ mi kò ní ìdérí, ihò ńláńlá ló wà láàárín irin rẹ̀. Lójú mi báyìí ni òróró ṣe gba inú ihò yẹn kọjá, tó ń ṣàn sórí búréèkì.

Ẹnikẹ́ni tó bá ti tún ọkọ̀ ṣe rí mọ̀ pé búréèkì tí òróró bá kàn kò ní di ọkọ̀ mú. Mo fa àkísà yọ lápò. Alàgbà wò mí, wọ́n ní, "Sẹ̀nàmì, ìbùkún lo fẹ́ nù yẹn?"

Ẹ mọ̀ pé nínú ìjọ wa, a kì í nu òróró ìyàsímímọ́ nù, fúnra rẹ̀ ló ń gbẹ. Gbogbo ojú ló wà lára mi. Mo dá àkísà padà sápò. Ẹ̀yin ará, ibẹ̀ gan-an ni mo ti ṣẹ̀. Èmi tí mo mọṣẹ́, mo dákẹ́, torí ojú ń tì mí.

Inú ẹ́sítéètì kan lẹ́bàá òkun ni wọ́n ti sáré ọjọ́ náà, wọ́n ti la títì síbẹ̀, ẹnikẹ́ni ò tíì máa gbé ibẹ̀. Ẹnì kọ̀ọ̀kan ló ń sá tirẹ̀, aago ni wọ́n fi ń díwọ̀n. Bí mo ṣe sọ̀kalẹ̀ tèmi ti gèlè lórí, ọkùnrin kan bi mí pé ọkọ mi dà, ta ló fẹ́ wa ọkọ̀. Mo ní ẹni tó fẹ́ wà á ló ń bá sọ̀rọ̀ yìí. Nígbà tó kàn mí, ọkọ̀ gbéra. Ó lọ! Mo rí i lójú àwọn tó dúró létí ọ̀nà pé wọn ò rò ó bẹ́ẹ̀.

Ní ìparí títì, ó yẹ kí n dẹwọ́ kí n tó yí kọ́nà, torí gọ́tà ńlá oníkọnkéré ló wà níwájú. Mo tẹ búréèkì. Ó le lábẹ́ ẹsẹ̀ mi, ṣùgbọ́n ọkọ̀ ò dúró, ó kàn ń yọ̀ lọ. Yorùbá sá lẹ́nu mi. Ègùn tí ìyá mi fi tọ́ mi ni mo gbọ́ tí mò ń ké: "Oklunọ, whlẹn mi!" Olúwa, gbà mí. Ọwọ́ mi ń já gíà wálẹ̀, ẹ́ńjìnnì ń ké, mo sì rí òkìtì iyanrìn kan tí àwọn kọ́lékọ́lé fi sílẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ gọ́tà. Mo doríkọ ọ́. Ọkọ̀ gùn ún, ó takìtì, ó sì fi orí balẹ̀.

Mo so rọ̀ nínú bẹ́líìtì, ẹsẹ̀ lókè, orí nísàlẹ̀. Páìpù ò tẹ̀. Bẹ́líìtì ò já. Mo tú ara mi, mo rákòrò jáde, mo ka eyín mi, ó pé.

Ìròyìn ti dé Badagry ṣáájú mi. Ẹ̀yin kan ní ìkìlọ̀ Ọlọ́run ni. Alàgbà ní ọpẹ́lọpẹ́ òróró. Pásítọ̀ ní kí n kúrò ní ẹgbẹ́ akọrin títí màá fi ronú. Mo tú ẹsẹ̀ ọkọ̀ náà, mo bá òróró àti eruku tó ti lẹ̀ mọ́ búréèkì, mo sì tún dákẹ́ fún oṣù méjì, torí mi ò fẹ́ dójú ti àgbà. Ní Ọjọ́bọ̀ tó kọjá, ó sú mi. Mo lọ bá Alàgbà Pósù nílé, mo kúnlẹ̀, mo sọ gbogbo rẹ̀. Wọn ò gbà. Wọ́n tẹ̀ lé mi dé ṣọ́ọ̀bù. Wọ́n fi ìka kan búréèkì, wọ́n gbóòórùn rẹ̀.

Wọ́n ní, "Ṣé èmi ni mo fẹ́rẹ̀ẹ́ pa ọ́ yẹn?"

Mo ní, "Rárá, Bàbá. Ẹ̀yin gbàdúrà. Èmi ni mo dákẹ́."

Wọ́n yọ áńkáṣíìfù funfun tiwọn, wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í nu búréèkì náà. Àwọn ló ní kí n má fi ohunkóhun pamọ́ lónìí. Ẹ wò wọ́n, wọ́n ń mi orí.

Nítorí náà, Pásítọ̀, ẹ má bínú, mi ò lè jẹ́ ẹ̀rí tí ẹ kọ fún mi. Ọlọ́run kò yọ mí lọ́wọ́ ọkọ̀, inú ọkọ̀ ló ti yọ mí. Páìpù tí mo ta ohun ogbó mi rà ló fi bò mí, góòlù ìyá mi ló fi dì mí mú. Mo ti na irin ọkọ̀ náà tó tẹ̀ padà sípò, mo ti fi orúkọ sílẹ̀ fún ìdíje oṣù tó ń bọ̀, mi ò ní tà á. Bí àga mi nínú ẹgbẹ́ akọrin bá máa bá a lọ, kó bá a lọ. Ohùn mi máa dé iwájú láti ẹ̀yìn, ẹ mọ̀ ọ́n.

Ògo ni fún Ọlọ́run tó gbọ́ Ègùn mi lórí eré. Ẹ̀yin onílù, ẹ dá a sílẹ̀. Ẹni tó bá fẹ́ bá mi yọ̀, kó dìde. Ẹni tí inú rẹ̀ ò bá dùn, kó jókòó jẹ́ẹ́, màá bá a jó tirẹ̀ mọ́ tèmi.