Kọ́kọ́rọ́ Tí Kouassi Kò Gbà Lọ́wọ́ Mi

Ẹ̀wọ̀n gbére ni adájọ́ dá fún mi ní Abidjan níbí. N kò bẹ ẹnikẹ́ni pé kó tú mi sílẹ̀. Mo kàn ti pinnu pé n kò ní kú kí n tó sọ bí mo ṣe di apànìyàn.

Ọmọ Ìgbòho ni mí. Iṣẹ́ iná ló gbé mi dé Koumassi, àdúgbò kan ní Abidjan níbí. Gáàsì pọ̀ lábẹ́ òkun orílẹ̀-èdè yìí, síbẹ̀ iná àdúgbò wa kì í dúró, títí àwọn ìjọba òkèèrè fi bá ìjọba tibí pawọ́ pọ̀, tí wọ́n kó tiransifọ́mà tuntun wá. Wọ́n gba èmi àti Kouassi, ọmọ ibí, láti máa tọ́jú wọn. Òun ló kọ́ mi ní Faransé.

Wẹ́dà tó ń jó irin mọ́rin ni ẹ̀gbọ́n mi tí a jọ wà ní Koumassi. Irú òróró tó ń mú tiransifọ́mà tutù náà ni wọ́n ń rọ sínú ẹ̀rọ wẹ́dà.

"Àbúrò, ẹ̀rọ mi ń gbóná jù. Bu bidon kan péré wá, ike kékeré yìí."

"Ẹ̀gbọ́n, ti ìjọba ni o."

"Ìjọba wo? Ṣebí òyìnbó ló fi tọrẹ? Ta ló máa wọ̀n ọ́n?"

Mo bù ú. Àwọn wẹ́dà yòókù gbọ́, wọ́n ń bẹ̀ mí, wọ́n ń pè mí ní "patron", ìyẹn ọ̀gá, orí mi sì ń wú. Díẹ̀díẹ̀ ni imú ẹlẹ́dẹ̀ ń wọgbà. Bidon di kẹ́ẹ̀gì.

Òfin iṣẹ́ wa ni pé bí a bá pa iná, a ó fi àgádágodo ti ibi ìtanná, ẹni tó máa gun òkè ni yóò sì mú kọ́kọ́rọ́ sápò, kí ẹnikẹ́ni má baà tan iná lé e lórí. Láàárọ̀ ọjọ́ kan, mo pa iná, mo tì í, mo sì na kọ́kọ́rọ́ sí Kouassi. Ó rẹ́rìn-ín.

"Mon frère, arákùnrin mi, mú un dání. Ṣé mo tún ń ṣọ́ ìwọ náà ni?"

Ó gun orí tiransifọ́mà, ó yẹ inú rẹ̀ wò.

"Òróró ti fẹ́rẹ̀ẹ́ tán! Olè ni. Bí mo bá sọ̀ kalẹ̀ báyìí, ọ̀gá gbọ́dọ̀ gbọ́."

Ká ní mo jẹ́wọ́, wọn ì bá lé mi lẹ́nu iṣẹ́. Ojú àwọn tó ń pè mí ní patron ni mo rò. Mo ṣí àgádágodo, mo tan iná nígbà tí ọwọ́ Kouassi ṣì wà lára irin.

Mo sọ fún ọlọ́pàá pé òun ló gbàgbé láti pa iná. Wọ́n bá kọ́kọ́rọ́ lápò mi. Ẹ̀rọ náà jóná pẹ̀lú, ilé ìgbẹ̀bí àdúgbò wa sì wà lókùnkùn.

Ẹ̀yin ọ̀dọ́, bí ẹ bá ti ṣe é, ẹ sọ ọ́ lónìí. Ẹ jẹ́ kí wọ́n lé yín. Ẹ jẹ́ kí wọ́n fi yín ṣe yẹ̀yẹ́ káàkiri Koumassi. Ìtìjú kì bá tí pa mí. Èmi ni mo tìtorí ìtìjú pa ọ̀rẹ́ mi.