Ẹ̀gbọ́n Mi Nínú Yàrá Pásítọ̀

[Fóònù dún títí. Wọ́n gbé e.]

DÁFÍDÌ: Hẹ́lò? Ta nìyẹn?

RÓNKẸ́: Bàbá Ìbùkún, ẹ káàsán o. Èmi ni.

DÁFÍDÌ: Rónkẹ́! Ẹ ti kúrò ní ọsibítù? Kí ni dókítà—

RÓNKẸ́: Ẹ kú iṣẹ́ o. Ṣé ẹ ti jẹun?

DÁFÍDÌ: Mo ti jẹun. Ẹ̀gbọ́n mi ńkọ́?

RÓNKẸ́: Ọ̀gá yín ò yọ yín lẹ́nu lónìí?

DÁFÍDÌ: Rónkẹ́, níbo lo ti ń pè mí?

RÓNKẸ́: Hòtẹ́ẹ̀lì tí a fi ẹ̀gbọ́n yín wọ̀ sí ni, ní Ìta Fájì níbí. Ẹ jọ̀ọ́, ṣé pásítọ̀ a máa ṣépè?

DÁFÍDÌ: Pásítọ̀ wo?

[Ariwo lórí wáyà.]

DÁFÍDÌ: Hẹ́lò? Ṣé o gbọ́ mi?

RÓNKẸ́: Mo gbọ́ yín. Pásítọ̀ kan ló jókòó síwájú mi báyìí, ó gbé báàgì lé ẹsẹ̀, ojú ẹ̀ le koko. Ó ní òun ṣílẹ̀kùn yàrá òun, òun bá yẹ̀rì obìnrin lórí bẹ́ẹ̀dì.

DÁFÍDÌ: Kí ló kàn wá níbẹ̀?

RÓNKẸ́: Yẹ̀rì ẹ̀gbọ́n yín ni.

DÁFÍDÌ: What?!

RÓNKẸ́: Ẹ̀bi mi ni. Nígbà tí mo wá gba yàrá sílẹ̀ fún wọn, ọmọge rìsẹ́ṣọ̀n ní kí lorúkọ àlejò. Mo ní Adúmáadán.

DÁFÍDÌ: O ní kí ni?

RÓNKẸ́: Orúkọ tí mo ń pè wọ́n látọjọ́ tí mo ti wọlé yín nìyẹn! Ṣé èmi ìyàwó ilé ló máa wá lanu pe Mo— pe orúkọ wọn gangan ní gbangba?

DÁFÍDÌ: Rónkẹ́! Èkó la wà! Nineteen ninety-three!

RÓNKẸ́: Èmi ò lè pè é. Ahọ́n mi ò gbé e.

DÁFÍDÌ: Ẹ̀gbọ́n mi wá dé lánàá, wọ́n ní àwọn ń jẹ́ Modúpẹ́—

RÓNKẸ́: Kò sí nínú ìwé. Àmọ́ ìjọ kan ti gba yàrá ńlá fún pásítọ̀ tó ń bọ̀ wá ṣe ìsọjí, láti Iléṣà. Ìyàwó ẹ̀ ló yẹ kó kọ́kọ́ dé. Ọmọge rìsẹ́ṣọ̀n yìí rí àgbà obìnrin tó ń sọ Ìjẹ̀ṣà, tó gbé Bíbélì dání. Ló bá ní, "Mummy, you are welcome."

DÁFÍDÌ: [ẹ̀rín] Ẹ̀gbọ́n mi sì gbà!

RÓNKẸ́: Wọ́n ní àbúrò àwọn ti lówó! Fíríìjì, A.C., ọsàn òun ọ̀pẹ̀yìnbó lórí tábìlì. Wọ́n jẹ ẹ́ tán pátá.

DÁFÍDÌ: Yéè! Ojú gbà mí tì.

RÓNKẸ́: Pásítọ̀ ní tí ìyàwó òun bá dé báyìí, báwo lòun ṣe fẹ́ ṣàlàyé yẹ̀rì.

DÁFÍDÌ: Kúnlẹ̀, bẹ̀ ẹ́. Gbé fóònù fún ẹ̀gbọ́n mi, kí wọ́n bá wa bẹ̀ ẹ́.

[Rónkẹ́ ń bẹ pásítọ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ fóònù.]

DÁFÍDÌ: Rónkẹ́? Ṣé o gbọ́ mi?

RÓNKẸ́: Wọn ò sí níbí.

DÁFÍDÌ: Wọn ò sí—

RÓNKẸ́: Kí n tó ti Ìkòròdú dé, àwọn ìyá ìjọ yẹn ti wá kí Mummy. Ẹ̀gbọ́n yín ní ọsibítù làwọn ń lọ. Àwọn ìyá rò pé wọ́n fẹ́ lọ gbàdúrà fún aláìsàn ni. Wọ́n bá gbé wọn sínú mọ́tò.

DÁFÍDÌ: Rónkẹ́! Èsì kókó ọyàn yẹn ni wọ́n fẹ́ gbà! Ṣebí mo ní o ò gbọ́dọ̀ jẹ́ kí wọ́n dá nìkan gbọ́ ọ!

RÓNKẸ́: Mo sáré lọ síbẹ̀. Wọ́n ní ẹ̀gbọ́n yín ti rí dókítà, wọ́n ti jáde.

DÁFÍDÌ: Ojú wo ni wọ́n fi jáde?

RÓNKẸ́: Nọ́ọ̀sì ní... ó ní wọ́n ń sunkún.

DÁFÍDÌ: Olúwa mi o. Èmi wá jókòó síbí, mò ń tijú nítorí yẹ̀rì.

[Orin àti àtẹ́wọ́ lókèèrè.]

DÁFÍDÌ: Kí nìyẹn?

RÓNKẸ́: Àwọn ni! Àwọn ìyá ìjọ ló yí wọn ká— ẹ káàbọ̀ mà! Pásítọ̀ ti dìde o. Ẹ jọ̀ọ́ sà, ẹ̀bi mi ni, ẹ má—

MODÚPẸ́: [lókèèrè] Nítorí yàrá lẹ ṣe fajú ro báyìí? Bàbá, ẹ fi ìbínú yẹn di ọ̀la. Ẹ bá mi yọ̀ ná. Ìyàwó, gbé fóònù wá.

[Ohùn pásítọ̀. Ẹ̀rín.]

MODÚPẸ́: Dáfídì!

DÁFÍDÌ: Ẹ̀gbọ́n mi. Kò yẹ kí ẹ dá lọ.

MODÚPẸ́: Ta ló dá lọ? Odidi ìjọ ló sìn mí! Mo fẹ́ sọ fún wọn pé èmi kọ́ ni Mummy wọn, ẹ̀rù ò jẹ́. Wọ́n dì mí lọ́wọ́ mú títí dókítà fi pè mí.

DÁFÍDÌ: Kí ni dókítà sọ?

MODÚPẸ́: Ó ní—

[Ariwo lórí wáyà.]

DÁFÍDÌ: Hẹ́lò? Hẹ́lò! Ẹ̀gbọ́n mi, ṣé ẹ gbọ́ mi?

MODÚPẸ́: Ó ní kì í ṣe jẹjẹrẹ! Ọ̀rá lásán ló kó jọ síbẹ̀. Kì í ṣe jẹjẹrẹ o! Dáfídì? Ṣé o gbọ́ mi?

[Dáfídì ń sunkún.]

MODÚPẸ́: Àbúrò mi, ṣé o gbọ́ mi?

DÁFÍDÌ: Mo gbọ́ yín. Ẹ tún un sọ.

MODÚPẸ́: Mo ní kì í ṣe—

[Fóònù já.]