Kọ́kọ́rọ́ Kejì Wà Nínú Báàgì Tíṣà

Alága wa, tí mo ti ń gẹ irun fún láti ìgbà tí irun ṣì wà níbẹ̀. Ẹ̀yin àgbà ẹgbẹ́ onígbàjámọ̀. Ẹ̀yin oníbàárà mi, onírun àti apárí. Ẹ̀yin ọmọ mi àti àwọn àna mi. Àti ìwọ, ìyàwó mi, Tíṣà, tí o gbé báàgì lé itan bí ẹni tó gbé ọmọ tuntun dání. Ẹ̀yin èèyàn mi, mo kí yín, mo tún yín kí.

Wọ́n ní kí n má pẹ́. Ẹni tó sọ bẹ́ẹ̀ kò mọ̀ mí. Kí ló dé tí ẹ fi ń pè mí ní Ọ̀rọ̀-ò-tán?

Òní ni mo fi iṣẹ́ gbàjámọ̀ sílẹ̀. Mo ti kó kílípà, abẹ, òòyà àti jígí ńlá tó sán lẹ́gbẹ̀ẹ́ kan lé ọmọṣẹ́ mi lọ́wọ́, ẹni tí gbogbo wa ń pè ní Ọ̀gá Kékeré. Iṣẹ́ rẹ̀ mọ́ ju tèmi lọ. Ẹ̀yin náà kúkú mọ̀, torí láti ìgbà tó ti mọṣẹ́ ni ẹ ti máa ń yọjú wo inú ṣọ́ọ̀bù kí ẹ tó wọlé, tí ẹ bá sì rí i pé èmi nìkan ni mo wà níbẹ̀, ẹ óò ní ẹ ti gbàgbé nǹkan sílé. Ẹ rò pé mi ò rí yín ni? Kí ni jígí wà fún?

Ẹ má rò pé ara ló ń ro mí. Ìyàwó ni mo fẹ́ tẹ̀ lé. Tíṣà ń kàwé másítà ní yunifásítì, nínú lítíréṣọ̀ Gẹ̀ẹ́sì àti ìwé kíkọ. Ó ti ṣe é dé ìdajì. Ìdajì tó kù, ó gbọ́dọ̀ máa gbé nítòsí ilé ìwé, kó jókòó kọ odidi ìwé kan. Nígbà tó kọ́kọ́ dá a lábàá, àkọ́bí wa obìnrin bi í pé, "Màmá, ẹ ti fẹ̀yìn tì, kí lẹ fẹ́ fi másítà ṣe?"

Ó ní, "Gbogbo ọjọ́ ayé mi ni mo fi kọ́ ọmọ ọlọ́mọ bí wọ́n ṣe ń kọ 'ajá ń sáré' ní Gẹ̀ẹ́sì. Mo fẹ́ mọ ibi tí ajá náà ń sáré lọ."

Lọ́jọ́ kejì, bí mo ṣe ń sọ ọ́ fún oníbàárà kan ní ṣọ́ọ̀bù, ẹ̀rín pa mí títí mo fi fá irunmú rẹ̀ kúrò lẹ́gbẹ̀ẹ́ kan. Alága, ẹ má wò mí bẹ́ẹ̀. Ṣebí ó padà hù.

Ẹ wá gbọ́ bí ọ̀ràn ṣe bẹ̀rẹ̀. Ní kíláàsì wọn, tí o bá kọ ìtàn, o ò gbọ́dọ̀ gbèjà rẹ̀. Wàá jókòó sáàárín wọn, àwọn yòókù á máa tú u palẹ̀: ibí dùn, ibẹ̀ yẹn ò dùn, ibí yìí parọ́. Onítàn kò ní í lanu títí gbogbo wọn á fi sọ tán. Lọ́jọ́ kan, wọ́n ní kí oníkálùkù mú àlejò kan wá. Tíṣà mú mi. Ìtàn tirẹ̀ ló kàn. Ẹ̀yin èèyàn mi, ta lẹ rò pé ó wà nínú ìtàn náà? Onígbàjámọ̀ kan ni, tó ń bá oníbàárà jiyàn, tó fá orí ẹni ẹlẹ́ni dé ìdajì, tó fi í sílẹ̀ lórí àga, tó wá ń lé ẹni tó ń kọjá lọ lójú pópó kó lè wá ṣe ẹlẹ́rìí òun.

Mo wo Tíṣà. Tíṣà wo òkè àjà.

Ọ̀dọ́mọbìnrin kan tó wọ awò ojú ní, "Mi ò gba ọkọ yìí gbọ́. Kò sí ẹni tó ń sọ̀rọ̀ tó báyìí láyé." Ọ̀dọ́kùnrin kan ní, "Tó bá jẹ́ tèmi ni, ojú ìwé kejì ni mo ti máa pa á."

Ẹ bá mi dá sí i. Wọ́n fẹ́ pa mí, kí n dákẹ́? Mo dìde. Mo ní, "Ẹ má pa á o. Òun ló dúró yìí."

Ọ̀jọ̀gbọ́n wọn rọra ní, "Bàbá, ẹ jọ̀ọ́, ní kíláàsì yìí, ẹni tó ni ìtàn kì í sọ̀rọ̀."

Mo ní, "Èmi kọ́ ni mo ni ín, Ọ̀jọ̀gbọ́n. Èmi ni ìtàn náà."

Wọ́n bú sẹ́rìn-ín. Ẹ̀rín yẹn ló kó bá mi. Ẹ mọ bí mo ṣe máa ń ṣe tí èèyàn bá ti lè rẹ́rìn-ín. Mo sọ ti orí ìdajì, mo sọ ti irunmú alága, mo sọ ti ọjọ́ tí mo lọ fi ara han bàbá Tíṣà tí mo gbàgbé orúkọ ara mi. Ọmọ tó wọ awò ojú ń nu omijé. Nígbà tí mo fi máa jókòó, àkókò ti tán, àwọn kíláàsì mìíràn ti dúró lẹ́nu ọ̀nà.

Nínú bọ́ọ̀sì, mo ní, "Tíṣà, wọ́n mà fẹ́ràn mi." Ó ń wo ìta. Ó ní, "Wọ́n fẹ́ràn yín, Bàbá wọn. Ìtàn mi ńkọ́? Ta ló sọ bó ṣe rí? Ìgbà àkọ́kọ́ láyé mi nìyí tí odidi yàrá kan máa jókòó nítorí ohun tí mo kọ. Ẹ gbà á mọ́ mi lọ́wọ́, ẹ tún ń rẹ́rìn-ín."

Ẹnu àìmẹ́nu, ètè àìmétè, òun ní í mú ọ̀ràn bá ẹ̀rẹ̀kẹ́.

Ó ti gba yàrá nítòsí ilé ìwé: bẹ́ẹ̀dì kan, tábìlì kan, fèrèsé tó kọjú sí ibi tí wọ́n ń so kẹ̀kẹ́ mọ́. Kọ́kọ́rọ́ rẹ̀ méjì ni. Mo ní kó fún mi ní ìkejì. Ó ní, "Lọ́jọ́ ìdágbére yín, tí ẹ bá sọ̀rọ̀ tán, kí ẹ jókòó. Gbogbo èèyàn á sọ bí wọ́n ṣe rí yín. Bí ẹ bá dá ẹnikẹ́ni lóhùn kí wọ́n tó tán, kí ẹ dúró sílé. Mi ò lè kọ̀wé nínú yàrá tí wọ́n ti ń bá mi parí ọ̀rọ̀ mi."

Inú báàgì yẹn ni kọ́kọ́rọ́ náà wà. Èmi sì ti fi ti ṣọ́ọ̀bù sílẹ̀. Bí ẹnu yìí bá dà mí lónìí, mi ò ní ṣọ́ọ̀bù, mi ò ní yàrá. Ọ̀gá Kékeré ní kí n fọkàn balẹ̀, òun á máa gẹ irun mi lófẹ̀ẹ́, tí mo bá ṣáà lè dákẹ́.

Mo rò ó wò, mo rí i pé ẹ ti ṣe irú rẹ̀ fún mi rí. Ẹ̀yin lẹ jókòó sórí àga mi, tí mo ní, "Má mira o, abẹ wà lọ́rùn rẹ," tí èmi wá ń sọ̀rọ̀ lọ. Ẹ gbọ́ mi tipátipá, ẹ tún sanwó. Mo dúpẹ́, ẹ sì foríjì mí. A kì í fárí lẹ́yìn olórí. Olórí rèé. Ọ̀gá Kékeré ti bá mi gbé àga náà wá láti ṣọ́ọ̀bù.

Irun kò ní í tán lórí àwọn ọmọ yín, kí ebi má baà pa Ọ̀gá Kékeré. Abẹ kò ní í ṣìnà lọ́rùn yín. Ẹ ó dàgbà, ẹ ó dògbó, ẹ ò ní í gbó sí àríyànjiyàn bíi tèmi. Tíṣà á kọ ìwé rẹ̀ parí, ọkọ inú rẹ̀ á yè kọjá ojú ìwé kejì. Àmín yín ò dún tó. Ẹ jẹ́ kó dé etí ẹni tó gbé báàgì dání.

Tíṣà, ìwọ ni kó o kọ́kọ́ sọ̀rọ̀. Sọ ọ́ dópin. Mi ò ní í bá ọ parí rẹ̀.

Ọ̀jọ̀gbọ́n sọ fún mi lẹ́nu ọ̀nà lọ́jọ́ náà pé tí wọ́n bá tú ìtàn palẹ̀ tán, ohun kan ṣoṣo ni onítàn máa ń sọ. Mo mọ ara mi. Bí mo bá dúró dìgbà yẹn, mi ò ní í lè fi mọ síbẹ̀. Ẹ jẹ́ kí n sọ ọ́ sílẹ̀ báyìí, kí n tó jókòó.

Ẹ ṣé o.