Ọ̀já Tó Di Àpò Abẹ́rẹ́

Ní ayé àtijọ́, nígbà tí ibi tí ẹ jókòó sí yìí ṣì jẹ́ igbó, tí kò sí ilé wa, tí kò sí igi ọsàn tí ẹ ń ká lójoojúmọ́ láìtọrọ lọ́wọ́ mi, obìnrin kan wà tó ń jẹ́ Àwẹ̀ró. Òun ni ìyá ńlá gbogbo wa. Ẹ sún mọ́ mi. Mọ́ládùn, gbé fóònù yẹn sílẹ̀. Ìwọ tó ń lọ kọ́ṣẹ́ lọ́jọ́ Ajé gan-an ni mò ń torí rẹ̀ sọ ọ́.

Abúlé Ìdí-Ìrá ni Àwẹ̀ró ń gbé, òun àti Ọdẹ́jìnmí ọkọ rẹ̀, àti ìyá ọkọ rẹ̀. Aṣọ ló ń rán. Láyé ìgbà náà, abẹ́rẹ́ ṣọ̀wọ́n. Alágbẹ̀dẹ ló ń rọ ọ́ lọ́kọ̀ọ̀kan, àwọn tó sì lè lu ihò sí ìdí rẹ̀ kò pọ̀. Ibo ni wọ́n ń tọ́jú rẹ̀ sí? Etí òrùlé ni. Tí obìnrin bá ti ránṣọ tán, á nawọ́ sókè, á gún abẹ́rẹ́ rẹ̀ mọ́ koríko òrùlé lẹ́nu ọ̀nà. Gbogbo wọn ló ń ṣe bẹ́ẹ̀, Àwẹ̀ró náà ń ṣe bẹ́ẹ̀. Ẹ má gbàgbé èyí.

Àwẹ̀ró wá bí ọmọ kan, obìnrin. Ọmọ náà lo òjò kan àti ẹ̀ẹ̀rùn kan, ó sì kú. Ohun tó kù lọ́wọ́ ìyá rẹ̀ kò ju ọ̀já tó fi ń pọ̀n ọ́n lọ, ọ̀já kíjìpá, tó nípọn dáadáa. Ìyá ọkọ rẹ̀ ní kó lọ jù ú sódò.

"Ìyàwó, má tọ́jú irú ẹ̀ sílé. Kò dáa."

Àwẹ̀ró ní, "Mo gbọ́, ìyá mi."

Ó gbọ́ lóòótọ́. Kò kàn ṣe é ni. Ó mú ọ̀já náà, ó ṣẹ́ etí rẹ̀ kan sókè dé ìdajì, ó sì rán an níbùú, níbùú, títí tó fi di àpò kéékèèké mẹ́rin. Ó ki òwú sí ọ̀kan. Ó ki ọ̀bẹ pelebe tó fi ń gé òwú sí ìkejì. Ó fi ẹgbọ̀n òwú tó ti fi òrí pa sínú ìkẹta, ó gún abẹ́rẹ́ rẹ̀ méjèèjì mọ́ ọn kí wọ́n má bàa dípẹtà. Ìkẹrin ṣófo. Kò fi nǹkan kan síbẹ̀, kò sì sọ ìdí rẹ̀ fún ẹnikẹ́ni. Ó fi ìdajì ọ̀já tó kù bo ẹnu gbogbo wọn, ó ká a, ó so ó mọ́ ìdí. Ibi tó bá ń lọ, abẹ́rẹ́ rẹ̀ ń bá a lọ.

"Kí lo so mọ́ ìdí yẹn?" Ìyá ọkọ rẹ̀ nìyẹn.

"Àpò abẹ́rẹ́ ni, ìyá mi."

Àwọn obìnrin yòókù fi í ṣe yẹ̀yẹ́. Wọ́n bi í bóyá òrùlé tirẹ̀ kò lágbára tó láti gbé abẹ́rẹ́ ni. Ẹ̀yin náà ń rẹ́rìn-ín. Ó dáa, ẹ máa rín in.

Lọ́dún kan, odò kún. Ọ̀sán gangan ni omi ya wọ abúlé, tí kálukú sì sá gun òkè. Orí òkè yẹn ni wọ́n dúró sí tí wọ́n ń wo òrùlé wọn bí omi ti ń gbé e lọ, tòun ti gbogbo abẹ́rẹ́ tó wà lára rẹ̀. Ọdẹ́jìnmí nìkan ló ráyè gbé nǹkan, ọ̀kẹ́ irúgbìn àgbàdo kan ṣoṣo tí omi ti kọ́kọ́ rin gbingbin. Òun náà ni gbogbo wọn máa gbìn níbikíbi tí wọ́n bá dé. Tó bá dànù, ebi ló kù.

Wọ́n rìn, wọ́n rìn, wọ́n rìn. Lọ́jọ́ kẹrin, kùkùté kan fa ọ̀kẹ́ náà ya. Àgbàdo ń dà sọ́nà, gbogbo wọn bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀, wọ́n ń ṣà á. Àwẹ̀ró yọ abẹ́rẹ́, ó rán ọ̀kẹ́ náà, ó tún ya. Ó rán an lẹ́ẹ̀kejì, ó tún ya, nítorí omi ti bà á jẹ́. Àfi kí wọ́n fi aṣọ tó lágbára lẹ̀ ẹ́. Aṣọ tó wà lára wọn sì ti gbó, abẹ́rẹ́ tó bá kàn án, yíya ló ń ya.

Ìyá ọkọ rẹ̀ ń wo ìdí rẹ̀. Ó ti mọ̀ tipẹ́ ohun tí àpò yẹn jẹ́. Ó ní, "Àwẹ̀ró, fi í sílẹ̀. A ó wá nǹkan mìíràn."

"Kò sí nǹkan mìíràn, ìyá mi."

Ó tú u nídìí. Ó fi ọ̀bẹ pelebe tú gbogbo ojú rírán tó ti rán, ó tẹ́ ọ̀já náà lé ibi tó ya, ó sì rán an yípo.

Kí ni, Mọ́ládùn? Ṣé ó sunkún? Wọn ò sọ ìyẹn fún mi. Wọ́n ní ojú rírán rẹ̀ kéré, ó sì ṣe déédéé. N kò ní fi omijé tí n kò rí kún un. Ṣùgbọ́n láti kékeré mi ni ibẹ̀ yẹn ti máa ń dùn mí, títí dòní.

Àgbàdo yẹn ni wọ́n gbìn síbí, ibí náà ni Àwẹ̀ró sì ti bí àwọn tó bí wa. Ọjọ́ tí ọ̀kẹ́ ṣófo, ìyá ọkọ rẹ̀ gbé e lọ sẹ́yìn ilé. Ó tú ọ̀já náà kúrò lára rẹ̀, ó fọ̀ ọ́, ó sá a. Nígbà tó gbẹ, ó gbé e wá fún Àwẹ̀ró pẹ̀lú ẹ̀kúnwọ́ àgbàdo tó ti bù pamọ́ kí ọ̀kẹ́ tó ṣófo.

Ó ní, "Tún un rán. Fi èyí sínú àpò kẹrin. Kí o sì kọ́ èmi náà bí wọ́n ṣe ń rán an."

Ìdí rẹ̀ nìyẹn tí a kì í fi í sọ ọ̀já nù nílé wa. Ọmọ tó bá ń kúrò nílé, ọ̀já tí wọ́n fi pọ̀n ọ́n ló máa fọwọ́ ara rẹ̀ rán di àpò abẹ́rẹ́, àpò mẹ́rin, àgbàdo nínú ìkẹrin. Èmi náà rán tèmi. Ó wọ́, ṣùgbọ́n èmi ni mo rán an.

Mọ́ládùn, ọwọ́ ni ìwọ wà nígbà tí ìyá rẹ kú. Àwọn kan nílé yìí ní kí n lọ sun ọ̀já tó fi ń pọ̀n ọ́. Mo ní mo gbọ́.

Òun nìyí. Abẹ́rẹ́ nìyí. Jókòó síbí, kí ilẹ̀ tó ṣú.