Ìyá Ìbejì Jókòó Ti Bàbá Ìbejì

Lórí ìlà káàdì ní ọsibítù kan ní Igbó-Ọrà ni mo ti gbọ́ ọ̀rọ̀ àwọn ìyá méjì lẹ́yìn mi. Ọ̀kan nínú wọn ṣẹ̀ṣẹ̀ ti ọ̀dọ̀ dókítà tó ń tún àárín ẹbí ṣe dé.

“Ìyá Ìbejì, kí ló ní kí ẹ ṣe?”

“Ó ní kí Táyé àti Kẹ́hìndé dìde láàárín wa, kí n lọ jókòó ti bàbá wọn.”

“Àwọn tó ti níyàwó nílé, àárín yín ni wọ́n ṣì ń jókòó sí?”

“Táyé ló ń jíṣẹ́ bàbá ẹ̀ fún mi, Kẹ́hìndé ló ń jẹ́ tèmi. Ó ti pẹ́.”

“Kẹ́hìndé rán Táyé wá tọ́ ayé wò, ẹ̀yin wá ń rán àwọn méjèèjì kiri inú yàrá kan.”

“Dókítà ní kí bàbá wọn kọjú sí mi, kó sọ ohun tó ń dùn ún. Ó wò mí títí, ló bá yíjú sí Táyé: ‘Bi ìyá ẹ bó ń gbọ́ mi.’”

“Àgbàyà ni. Ẹ̀yin ńkọ́, kí lẹ wí?”



“Mo ní, Kẹ́hìndé, sọ fún bàbá ẹ pé mò ń gbọ́.”