Nusirat Kọ́ Ló Ya Fídíò Bàbá Pavlo

Ẹ̀yin ará nínú Olúwa, mi ò wá kọrin lónìí. Ẹ̀rí tí mo jẹ́ níwájú yín lóṣù kẹta, pé Ọlọ́run dá iṣẹ́ mi sí nígbà tí wọ́n ń lé àwọn ẹlòmíràn, irọ́ ló wà nídìí rẹ̀. Ẹlòmíràn ni èmi Olútóyìn tì síwájú kí ìyà má bàa jẹ mí. Bí mi ò bá sọ ọ́ lónìí, yóò pa mí.

Àwọn tó ń ṣiṣẹ́ ìtọ́jú arúgbó nínú yín mọ Bàbá Pavlo ní ilé ìtọ́jú wa ní Thamesmead North, ní London níbí. Ọmọ Ukraine ni, ẹni ọdún méjìdínlọ́gọ́rùn-ún, kò lè dìde lórí bẹ́ẹ̀dì mọ́. Èmi ni mò ń wẹ̀ ẹ́ láàárọ̀. Nusirat àti àwọn mẹ́ta mìíràn ló ń gbà á lọ́wọ́ mi. Nusirat yìí ló gbà mí sílé ní South Thamesmead lọ́jọ́ tí mo dé láti Ìbàdàn. Bẹ́ẹ̀dì kan náà la jọ sùn fún oṣù mẹ́rin. Mùsùlùmí ni, síbẹ̀ òun ló máa ń jí mi ní Sunday: "Tóyìn, dìde, bọ́ọ̀sì yín á lọ o." Ẹ wo irú ẹni tí mo dà.

Láàárọ̀ ọjọ́ kan, bí mo ṣe ń fá irùngbọ̀n Bàbá, ó bẹ̀rẹ̀ sí í sọ̀rọ̀ ogun. Mo rọra gbé fóònù mi sójú fèrèsé, mo ní kó máa ya fídíò rẹ̀. Bàbá ní ọmọ ọdún méjìdínlógún ni òun ní 1943, nígbà tí àwọn ọmọ ogun Soviet fi òun sínú ẹgbẹ́ àwọn tó ń gun alùpùpù ṣáájú láti lọ wo ibi tí àwọn ará Jámánì wà. Òun ló ń wà á. Grisha ọ̀rẹ́ rẹ̀ ló ń jókòó nínú apẹ̀rẹ̀ tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ alùpùpù náà, pẹ̀lú ìbọn. Wọ́n dé odò ńlá kan tí wọ́n ń pè ní Dnieper, kò sí afárá. Pákó àti àgbá ni wọ́n so pọ̀, wọ́n gbé alùpùpù lé e. Láàárín odò, ìbọn dún. Grisha ṣubú sómi, ó di etí pákó mú, gbogbo rẹ̀ sì bẹ̀rẹ̀ sí í fì sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan. Ọ̀gá wọn pariwo pé alùpùpù kò gbọdọ̀ rì. Bàbá ní, "Mo fi bàtà tẹ ìka rẹ̀. Ó pe orúkọ mi lẹ́ẹ̀mejì." Lẹ́yìn ogun, ó fẹ́ àbúrò Grisha, ó sọ fún un pé ìbọn ọ̀tá ló pa ẹ̀gbọ́n rẹ̀. Irina, ọmọ kan ṣoṣo tí wọ́n bí, tó ń wá kí i ní gbogbo Sátidé, kò mọ̀. Bàbá di ọwọ́ mi mú, ó ní, "Ìwọ nìkan ni mo sọ fún. Má sọ ọ́." Mo ní, "Daddy, mi ò ní sọ." Fóònù ṣì ń ya fídíò.

Kí ni mo fẹ́ fi ṣe? Ìgbéraga lásán. Mo fẹ́ kí Gafar, ẹni tí mò ń fẹ́ nígbà náà, rí i pé kì í ṣe ìdí arúgbó nìkan ni mò ń nù ní London. Mo fi ránṣẹ́ sí i. Ó búra pé òun ò ní fi han ẹnikẹ́ni. Ọ̀sẹ̀ kan kò pé tó fi gé ohùn mi kúrò, tó gbé e sórí íńtánẹ́ẹ̀tì. Mo pè é, ẹ̀rín ló ń rín: "Babe, relax, ó ti ń trend."

Irina rí i. Ó wá, kò bọ́ kóòtù, ó dúró ní ẹsẹ̀ bẹ́ẹ̀dì, ó fi èdè wọn bi bàbá rẹ̀ ní ìbéèrè kan. Bàbá mi orí pé bẹ́ẹ̀ ni. Irina jáde, kò padà mọ́. Mánija, ọ̀gá wa níbi iṣẹ́, wá bi Bàbá léèrè ẹni tó ya fídíò náà. Bàbá wò mí pẹ́. Ó mọ̀. Ó yíjú sí ògiri, kò tú mi fó.

Mánija pè wá sí ọ́fíìsì lọ́kọ̀ọ̀kan. Iṣẹ́ yẹn ló gbé físà mi ró, ẹ mọ̀ bó ṣe rí. Ó ní, "Ta ló ṣe é?" Mo ní, "Nusirat ni. Mo rí i." Kò sẹ́ni tó fi ìbọn sí mi lórí. Wọ́n lé e. Ìjọba ní kó wá iléeṣẹ́ mìíràn láàárín ọgọ́ta ọjọ́, tàbí kó padà sílé. Ta ni yóò gba ẹni tí irú ẹ̀sùn bẹ́ẹ̀ wà lọ́rùn rẹ̀? Ọmọ rẹ̀ ọdún mẹ́fà tó fẹ́ mú wá, kò lè mú un wá mọ́. Èmi ni mo bá a fa báàgì rẹ̀ gba títì Harrow Manorway dé ibi tó ti wọ ọkọ̀ ojú irin lọ sí pápákọ̀ òfurufú. Ó dì mọ́ mi, ó ní, "Tóyìn, gbogbo wọn sá fún mi. Ìwọ nìkan lo dúró." Mo gba ọpẹ́ náà. Mo gbà á, mo tún ní, "Kò tópẹ́."

Ọ̀sẹ̀ tó kọjá ni Bàbá Pavlo kú. Irina kò bá a láàyè. Èmi ni mo nu ojú rẹ̀ kẹ́yìn. Mo jáde, mo pe Nusirat ní Òṣogbo, mo jẹ́wọ́ gbogbo rẹ̀. Mo gbọ́ ohùn ọmọ rẹ̀: "Mummy, ta nìyẹn?" Ó ní, "Ẹnì kan tí mo mọ̀ rí ni." Ó pa fóònù.

Lọ́la Monday, mo ń mú fídíò tí ohùn mi wà nínú rẹ̀ lọ bá mánija. Bí físà bá máa lọ, kó lọ. Ẹ̀yin ọ̀dọ́ tó ṣẹ̀ṣẹ̀ ń dé ìlú yìí, ẹni tó bá fi àṣírí rẹ̀ sí yín lọ́wọ́, ọrùn rẹ̀ ló gbé lé yín lọ́wọ́. Ẹ má gbàdúrà físà fún mi. Ẹni tó bá mọ Nusirat nínú yín, kó jọ̀ọ́ bá mi bẹ̀ ẹ́. Kì í gbé ìpè mi mọ́.