Góòlù Mòrókò Ni Mo Lu Agogo Fún, Kì Í Ṣe Iná

Ẹ̀yin òǹkàwé, ẹ jọ̀ọ́, ẹ fara balẹ̀ ka ọ̀rọ̀ mi yìí. Ìyìn tí kì í ṣe tèmi ni mo ti ń jẹ láti ọdún mélòó kan sẹ́yìn, ó sì ti há mi lọ́fun. Mi ò sọ ọ́ fún ẹnikẹ́ni. Àní bí mo bá kúnlẹ̀ níwájú àlùfáà fún ìjẹ́wọ́, ẹ̀ṣẹ̀ kéékèèké ni mo máa ń kà fún un, màá sì fo èyí tó tóbi.

Ohun tó mú mi sọ ọ́ báyìí ni pé Justine, ọmọ àbúrò ọkọ mi, wá bá mi lọ́sẹ̀ tó kọjá. Ó ní kí n wá jẹ́rìí gbe bàbá òun níwájú àwọn àna òun. Bó ṣe ń sọ̀rọ̀, mi ò lè gbé ojú sókè. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ jẹ́ kí n rò ó láti ìbẹ̀rẹ̀, kí ẹ má baà rò pé orí mi ti dàrú.

Opó ni mí. Abúlé wa wà ní ìhà Lèma, lábẹ́ òkè. Èmi ni mo ń gbálẹ̀ ṣọ́ọ̀ṣì, èmi náà ni mo ń lu agogo rẹ̀. Orí àpáta ni wọ́n gbé agogo náà kọ́, lókè pátápátá, kí àwọn tó wà lóko lè máa gbọ́ ọ. Láàárọ̀, lọ́sàn-án, nírọ̀lẹ́, màá gun àpáta yẹn, màá lù ú díẹ̀, màá dánu dúró kí àwọn èèyàn gbàdúrà, màá tún lù ú. Ṣùgbọ́n bí agogo bá ń dún tí kò dánu dúró, gbogbo wa mọ̀ pé ewu dé nìyẹn. Ẹni tó ń gúnyán á ju ọmọ odó sílẹ̀. Gbogbo èèyàn á sáré gun òkè wá, kò sì sẹ́ni tó máa béèrè ohun tó ṣẹlẹ̀ kó tó gbéra.

Nǹkan kejì tí ẹ ní láti mọ̀ ni pé mo fẹ́ràn bọ́ọ̀lù ju ẹran lọ. Ẹ má rẹ́rìn-ín mi. Ọkọ mi ló kó o ràn mí. Nígbà tó kú, àbúrò rẹ̀ ló kù tí a jọ ń gbọ́ ọ lórí rádíò. Mi ò lè dárúkọ rẹ̀ fún yín, torí wọ́n ti bí i sílé kí n tó wọlé bí ìyàwó. Bàbá Justine ni mo ń pè é, òun náà ń pè mí ní ìyàwó wa. Àkọ́bí mi lọ kàwé ní Mòrókò, ó sì ríṣẹ́ síbẹ̀, nítorí náà ẹgbẹ́ Mòrókò ni tèmi. Bàbá Justine, ẹgbẹ́ Íjíbítì ni tirẹ̀, torí ẹni tó ti mọ́ lára láti máa borí ló máa ń tẹ̀ lé.

Lọ́dún tí mò ń wí yìí, ẹgbẹ́ méjèèjì pàdé níbi àṣekágbá ife-ẹ̀yẹ àwọn kíláàbù Áfíríkà. Ẹ̀ẹ̀mejì ni wọ́n máa ń gbá a, ẹ̀ẹ̀kan nílé eléyìí, ẹ̀ẹ̀kan nílé ẹnì kejì, wọ́n á wá ro góòlù pọ̀. Íjíbítì borí nílé tiwọn, góòlù kan sí òdo.

Ojú mi rí màbo lọ́sẹ̀ yẹn. Bí mo bá ń lọ pọnmi, Bàbá Justine á ní, "Ìyàwó wa, pẹ̀lẹ́ o, kú ìrọ́jú," níwájú gbogbo èèyàn. Bí mo bá ń jẹun, á ní kí n rọra jẹ ẹ́, kí ìbànújẹ́ má fún mi lọ́rùn. Nígbà tí ọjọ́ ìfẹsẹ̀wọnsẹ̀ kejì pé, ó ní òun ò ní bá mi gbọ́ rádíò, òun ò lè máa wo omijé opó. Ó ní ife ti di tàwọn, òun ń lọ wa iṣu lóko. Ọ̀rọ̀ yẹn wọ̀ mí lára.

Òjò ti dá nígbà náà, koríko ti gbẹ. Nírọ̀lẹ́, mo gbé rádíò mi gun àpáta, torí ibẹ̀ ló ti máa ń gbóhùn dáadáa, àsìkò agogo náà sì ti ń súnmọ́. Mo jókòó, mo kẹ̀yìn sí oko, mo kọjú sílé. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ fi ìyẹn sọ́kàn. Mi ò rí nǹkan kan lẹ́yìn mi. Ọkùnrin inú rádíò ń fi èdè Faransé sáré bí ẹni tí ajá ń lé. Mòrókò gbá ọ̀kan wọlé, mo dìde. Ìyẹn sọ ọ́ di ọ̀mì.

Àsìkò agogo tó, mo fi ọwọ́ kan di okùn rẹ̀ mú, mo fi ọwọ́ kejì tẹ rádíò mọ́ etí, mi ò lè lù ú. Mò ń bẹ Ìyá Màríà pé kí wọ́n ṣàánú ọmọ wọn, ẹyọ kan péré ni mo ń tọrọ. Ó kù díẹ̀ kí wọ́n fọn fèrè, ni ọkùnrin inú rádíò bá pariwo. Góòlù. Góòlù kejì, ti Mòrókò.

Ẹ̀yin èèyàn mi, mi ò mọ ohun tó ṣe mí. Mo fi ọwọ́ méjèèjì lu agogo yẹn. Mo lù ú, mi ò dánu dúró, mò ń fò lórí àpáta bí ọmọ ewúrẹ́. Gèlè mi já bọ́, rádíò já bọ́, mi ò wò wọ́n. Mo rántí ọkọ mi, mo rántí ọmọ mi tó wà nílẹ̀ Mòrókò lọ́hùn-ún, mo rántí "kú ìrọ́jú". Inú mi ò dùn tó bẹ́ẹ̀ lọ́jọ́ ìgbéyàwó mi pàápàá, kí ọkọ mi má bínú.

Ìgbà tí mo fi máa wolẹ̀, gbogbo abúlé ló ń gun òkè bọ̀, tàwọn ti ọkọ́, tàwọn ti korobá. Katekísì wa ló kọ́kọ́ dé. Ó ń mí hẹlẹ, ó ní, "Ìyá, kí ló dé?" Kí n tó rí ohun tí màá sọ, obìnrin kan nawọ́ sẹ́yìn mi, ó ní iná ni. Mo yíjú. Lóòótọ́, iná ń bọ̀ lẹ́yìn òkè, ó dorí kọ àká iṣu gbogbo wa. Láti ilé, òkè bò ó, kò sẹ́ni tó lè rí i. Orí àpáta nìkan ni wọ́n ti lè rí i. Katekísì ní, "Olúwa ṣeun tó fún Ìyá lójú." Mo pa ẹnu mi dé.

A sáré sọ̀kalẹ̀. Èmi àti katekísì wà lára àwọn tó ṣáájú. Bàbá Justine la bá níbẹ̀, òun nìkan, ó ń fi ẹ̀ka igi tútù na iná, apá ẹ̀wù rẹ̀ ti jóná. Ó ti pariwo títí ohùn rẹ̀ fi há, a ò gbọ́. Gbogbo wa bọ́ sí i. Àwọn ọkùnrin ń ro ilẹ̀ kí iná má rí nǹkan jó, àwa obìnrin ń gbé omi láti odò, ooru ń jó wa lójú. A borí rẹ̀. Oko kajú katekísì jóná, ṣùgbọ́n iṣu kan ò bà jẹ́ nínú àká. Wọ́n gbé mi sí èjìká wálé pẹ̀lú orin. Mo kọrin ju gbogbo wọn lọ. Àwọn ń kọ ọ́ nítorí iná, èmi ń kọ ọ́ nítorí iná àti nítorí Mòrókò.

Ká ní ó parí síbẹ̀, ẹ̀rín ni ǹ bá fi sọ ọ́ fún yín.

Lọ́jọ́ kejì àwọn àgbà jókòó. Wọ́n fẹ́ mọ ẹni tó dáná sun oko. Wọ́n ní, "Ìwọ lo kọ́kọ́ rí i láti òkè. Ibo ló ti bẹ̀rẹ̀?" Bàbá Justine wà níbẹ̀, àwọn kan ti ń fura sí i torí òun nìkan la bá nídìí iná, ṣùgbọ́n ó ń wò mí, ọkàn rẹ̀ balẹ̀. Ó gbà pé èmi ni màá gba òun sílẹ̀.

Ẹ jọ̀ọ́, ẹ gbọ́ mi. Bí mo bá ní mi ò rí i, wọ́n á béèrè pé kí ni mo wá ń lu agogo fún. Ojú ń tì mí. Ìyìn àná ṣì ń dùn lẹ́nu mi, inú sì ṣì ń bí mi sí i díẹ̀. Mo na ìka sí ìhà oko Bàbá Justine. Mo ní ibẹ̀ ni.

Irọ́ ni. Nígbà tí a kọ́kọ́ dé ìsàlẹ̀ lọ́jọ́ iná náà, mo fi ojú ara mi rí i pé koríko ẹ̀gbẹ́ oko rẹ̀ kò tíì jó. Ìhà odò ni iná ti ń bọ̀, níbi tí àwọn ọdẹ ọ̀yà ti máa ń fi iná lé ẹran. Lẹ́yìn náà ni gbogbo rẹ̀ jó pọ̀, tí ẹnikẹ́ni ò lè dá a mọ̀ mọ́. Mi ò ní sọ pé èṣù ló tì mí. Èmi ni mo na ìka mi.

Wọ́n ní kó tún kajú katekísì gbìn. Ó gbìn ín, kò bá ẹnikẹ́ni jà. Ṣùgbọ́n láti ọjọ́ náà ni wọ́n ti ń pè é ní Bàbá Oníná, àní àwọn ọmọdé. Kò bá mi gbọ́ rádíò mọ́. Èmi ní tèmi, wọ́n fún mi láṣọ, wọ́n fún mi ní àga iwájú ní ṣọ́ọ̀ṣì. Bí a bá lọ sí Arigbo, ibi ìrìn-àjò mímọ́ ti Ìyá Màríà, nínú oṣù kẹjọ, wọ́n á máa fi mí han àwọn àlejò pé ìyá tó gba abúlé là rèé. Ẹ jọ̀ọ́, mi ò ní purọ́ mọ́, ó ń dùn mọ́ mi.

Báyìí, ọmọkùnrin kan láti Glazoué fẹ́ fẹ́ Justine. Àwọn òbí rẹ̀ ṣèwádìí, wọ́n gbọ́ Bàbá Oníná, wọ́n ní àwọn ò fẹ́ ọmọ ẹni tó ń sun oko ẹlòmíràn. Ohun tó gbé Justine wá sọ́dọ̀ mi nìyẹn. Ó ní, "Ìyá, ẹ̀yin ni gbogbo èèyàn gbà gbọ́. Ẹ bá mi sọ fún wọn pé èèyàn rere ni bàbá mi." Ó kúnlẹ̀ fún mi. Ó kúnlẹ̀ fún èmi.

Mo lọ bá bàbá rẹ̀ lóko. Mo sọ gbogbo rẹ̀ fún un lórí ìdúró. Ó fi ọkọ́ rẹ̀ sílẹ̀, ó ní, "Ṣé góòlù kejì yẹn ni?" Mo ní, "Òun ni, ọkọ mi, ẹ má bínú." Ẹ̀rín gbá a, ó rẹ́rìn-ín títí ó fi jókòó sórí ebè. Ibẹ̀ ni ẹ̀rín náà ti di ẹkún. Ó ní òun sun iṣu jẹ lóko lọ́jọ́ náà, òun sì fi erùpẹ̀ bo iná náà dáadáa. Ṣùgbọ́n nígbà tí èmi tí òun fọkàn tán sọ pé ọ̀dọ̀ òun ni iná ti wá, òun gbà bẹ́ẹ̀. Láti ọjọ́ náà, òun gbà pé òun lòun fẹ́rẹ̀ẹ́ fi ebi pa abúlé. Ó ní, "Àṣé kì í ṣe èmi." Mo ní kì í ṣe ẹ̀yin. Ó tún ní kí n sọ ọ́ lẹ́ẹ̀kan sí i. Mo sọ ọ́, mo sọ ọ́ títí ó fi dìde. Ó rìn wálé níwájú mi, ó ń kí gbogbo ẹni tó bá pàdé, ó gbé orí sókè bí ọkọ ìyàwó.

Ó ti dárí jì mí. Ó ní ọ̀rọ̀ tó kù, ẹnu mi ló gbọ́dọ̀ ti jáde, fún àwọn àgbà, fún àwọn àna, àti fún Justine tí kò tíì mọ nǹkan kan. Bí wọ́n bá fẹ́ gba àga iwájú náà, kí wọ́n gbà á.

Ẹ jọ̀ọ́, ẹ gbà mí nímọ̀ràn. Justine ń bọ̀ wá mú mi lọ sí Glazoué lọ́jọ́ Sátidé. Ṣé kí n sọ ọ́ fún un kí a tó gbéra, àbí kí ó gbọ́ ọ níwájú àwọn àna rẹ̀, níbi tí orúkọ bàbá rẹ̀ ti máa mọ́ lójú gbogbo wọn? Ẹ̀yin ará Glazoué tí ẹ bá rí èyí kí n tó dé, Bàbá Justine kò dáná sun oko ẹnikẹ́ni. Òun nìkan ló kọ́kọ́ dúró níwájú iná nítorí iṣu wa. Ẹ wá fẹ́ ọmọ rẹ̀, kí ẹ sì yangàn pé ilé rẹ̀ lẹ ti fẹ́yàwó.

Èmi Ìyá Alágogo, ní ìhà Lèma.